Ta Ló Ni Èènì?

"Ìyá Dáúdà, ẹ fi èènì sí i o! Ẹ má fojú ọmọdé wò mí. Odindi àpò ni mo rà!"

Lará fi ọwọ́ méjèèjì di ẹnu àpò gàrí náà mú, kò jẹ́ kí aláàárù gbé e. Ìyá Dáúdà, tó ń ta gàrí lọ́jà Òṣòdì, bú sẹ́rìn-ín. Ó bu kóńgò tó ga bí òkìtì, ó dà á sínú aṣọ tí Lará tẹ́ sílẹ̀, ó tún bu òmíràn lé e.

"Ọmọ yìí kò ní jẹ́ kí n jèrè!"

Ọdún tí owó Údójì jáde ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba ẹ̀kúnwó, wọ́n ń ra rédíò, wọ́n ń ra alùpùpù. Bàbá Lará, káfíńtà ní Mafolúkù, kò gba nǹkan kan ju ọ̀wọ́n ọjà lọ. Bẹ́ẹ̀ àkókò tí wọn ó san owó ìdánwò Wáẹ́kì fún Lará ń bọ̀ lọ́nà.

"Inú ìkòkò ni a ó ti yọ ọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. "Bí oúnjẹ bá jẹ owó yìí tán, ìdánwò di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn."

Ta ló fẹ́ dúró de ọdún tó ń bọ̀? Lará pinnu. Ẹran kúrò nínú ọbẹ̀, pọ̀nmọ́ wọlé. Búrẹ́dì òwúrọ̀ di ẹ̀kọ. Òun náà ló dá a lábàá fún àwọn obìnrin tí wọ́n jọ háyà yàrá nínú ilé wọn pé kí wọ́n yéé ra gàrí ní kóńgò-kóńgò, kí wọ́n dáwó jọ ra àpò. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà. Wọ́n gbà, wọ́n sì ní kó máa bá wọn rà á, kó máa pín in.

Ṣùgbọ́n ta ló ni èènì? Kò sẹ́ni tó dárúkọ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń dáwó. Lará sì dá ara rẹ̀ lóhùn pé, "Àpò ni wọ́n sanwó fún. Ẹnu mi ni mo fi gba èènì." Ẹ gbọ́ àwáwí! Bó bá ti délé, á yọ́ da èènì sínú páànù gàrí tiwọn, kó tó pe àwọn yòókù wá pín àpò. Ìyá rẹ̀ rò pé ìpín tiwọn ló ń pẹ́ kó tó tán.

"Ọmọ mi mọ oúnjẹ ṣọ́ jẹ," ló máa ń wí. Díẹ̀díẹ̀ leku ń jawọ.

Ní Sátidé kan, Ìyá Ìsíátù, tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tiwọn, ti Òṣòdì dé. Kò tiẹ̀ tíì sọ ẹrù kalẹ̀.

"Lará, Ìyá Dáúdà kí wa. Ó ní ṣé èènì tí òun ń fún ọ ń kárí wa. Èènì wo?"

Ìyá Lará ló kọ́kọ́ fò dìde. "Ìyá Ìsíátù, ẹ má sọ bẹ́ẹ̀ o! Inú àpò lọmọ mi ń dà á sí. Ẹ gbé Bíbélì wá, mo máa búra!"

"Bẹ́ẹ̀ ni" péré ni Lará ì bá wí, ọ̀rọ̀ á sì tán. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ti nawọ́ sókè, ó fẹ́ búra lórí irọ́ tí kò mọ̀.

"Màámi, ẹ má búra! Mi ò dà á sínú àpò. Inú páànù wa ni mo ń dà á sí."

Ìyá rẹ̀ sọ ọwọ́ kalẹ̀, kò lè wojú ẹnikẹ́ni mọ́.

"O dójú tì mí, Lará. Ó sàn kí ebi pa wá."

Àwọn obìnrin náà gba owó wọn, oníkálùkù padà sídìí kóńgò. Ọ̀wọ́n padà bá gbogbo wọn, owó ìdánwò tó ti ń gbéra nílẹ̀ sì dúró. Ojú ti Lará dé eegun, àmọ́ kò jókòó máa sunkún. Ó gbé páànù jáde, ó ń lọ láti ẹnu ọ̀nà dé ẹnu ọ̀nà, ó ń kúnlẹ̀, ó ń dá èènì padà. Èyí tí òun àti àwọn òbí rẹ̀ ti jẹ, ó ń fi ìpín tirẹ̀ dí i. Kò mu gàrí lọ́sàn-án mọ́. Níléèwé, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì àti sadíìnì, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Lará, ṣé ààwẹ̀ lo ń gbà ni?"

Lọ́jọ́ tó gbé èyí tó kẹ́yìn lọ fún Ìyá Ìsíátù, obìnrin náà wò ó títí, ó rí i bó ṣe rù.

"Jókòó. Ṣé o mọ ohun tó dùn mí jù? Gbogbo wa la mọ̀ pé o fẹ́ ṣe ìdánwò. Ká ní o sọ pé, 'Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ n máa mú èènì,' ta ni ì bá ní rárá? Ohun tí a ì bá fi ẹ̀rín fún ọ lo lọ jí."

Lará bú sẹ́kún. Kò wá sí i lọ́kàn rí láti béèrè.

Ìyá Ìsíátù tú etí ìró rẹ̀, ó mú owó tí àwọn obìnrin ilé ti tún dá jọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

"Ọ̀wọ́n ti sú wa. Lọ ra àpò wá. Èènì rẹ̀, ìwọ la fún."

Lará ṣe ìdánwò lọ́dún náà. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ọgbọ́n ni kéèyàn máa ṣọ́ owó oúnjẹ ná, ṣùgbọ́n tẹni ni ká ṣọ́, ká má fi ti ẹlòmíràn kún un. Bí nǹkan bá le, ẹ lanu sọ ọ́. Abèèrè kì í ṣìnà.