Fíìmù Tí Adépéjú Ṣí

"Fi àjẹ̀ sílẹ̀, Nímọ̀! Ẹyẹ ti bà," ni Adépéjú wí wúyẹ́wúyẹ́.

Nímọ̀tálàhì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ilé-ìwé Mọ́dà tí wọ́n ń lọ lẹ́yìn alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ láyé ìgbà yẹn, gbé àjẹ̀ lé itan. Ọkọ̀ wọn rọra ń sún lọ níbi tí odò ti ń wọ ọ̀sà ní Makun-Omi. Ẹyẹ apẹja kan, tí ẹ̀yìn rẹ̀ dà bí aṣọ aláró tuntun, ti bà sórí òpó àwọ̀n. Adépéjú gbé kámẹ́rà sójú, ó tẹ̀ ẹ́. Ẹyẹ fò lọ.

Bọ̀ọ̀dá Múyìwá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Àgọ́-Ìwòyè, ló fi kámẹ́rà náà sílẹ̀ fún un lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ó ti fi ya ìyá wọn, tí àìsàn ti dá dúbúlẹ̀ láti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nínú aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà ni obìnrin náà wà, fọ́tò àkọ́kọ́ tó yà láyé rẹ̀ sì ni. Ṣùgbọ́n fíìmù kò tíì kún, ta ni yóò sì gbé fíìmù tí kò kún lọ fọ̀?

"Fi àwọn ẹyẹ rẹ parí ẹ̀," ni Bọ̀ọ̀dá wí nígbà tó ń lọ. "Àmọ́ o ò gbọdọ̀ ṣí ẹ̀yìn ẹ̀ o. Bí ìmọ́lẹ̀ bá wọ̀ ọ́, gbogbo ẹ̀ ló bàjẹ́ nìyẹn."

Nínú ọkọ̀, Nímọ̀ bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé ẹyẹ yẹn tiẹ̀ wọnú ẹ̀? Ìwọ ayàwòrán! Ìrù ẹyẹ lo yà, bí kì í bá ṣe omi."

"Mo yà á!"

"Fi hàn mí, kí n gbà."

Ẹ̀rín yẹn ta Adépéjú lára. Díẹ̀ báyìí ni òun máa ṣí i, ó wí nínú ara rẹ̀. Ó ṣí i. Oòrùn ọ̀sán rọ́ wọlé. Kò rí ẹyẹ, kò rí ènìyàn. Ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó ń dán lásán ló rí. Ó pa á dé kíá.

"Nímọ̀, jọ̀ọ́, má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Lọ́jọ́ Sátidé tó tẹ̀ lé e, Bọ̀ọ̀dá Múyìwá wá gbé kámẹ́rà rẹ̀.

"Péjú, kò sí ohun tó ṣe é?"

"Kò sí, Bọ̀ọ̀dá."

Ìyá wọn dìde jókòó lórí ẹní. "Múyìwá, ṣé o ò ní tún yà mí? Ara mi fúyẹ́ lónìí."

"Màmá, tiyín ti wà nínú èyí. Fíìmù tuntun wà lápò mi, àmọ́ tàwọn ọmọ iléèwé mi ni."

Adépéjú la ẹnu láti sọ̀rọ̀. Ẹ̀rù bà á. Ó gbé garawa, ó gba ọ̀nà odò lọ.

Oṣù yẹn kò tíì tán tí ìyá wọn fi kú. Bọ̀ọ̀dá sáré gbé fíìmù lọ sí Ìjẹ̀bú-Òde, kí wọ́n lè rí fọ́tò gbé síwájú pósí. Ọwọ́ òfo ló gbé bọ̀. Ó bá àbúrò rẹ̀ lẹ́yìn ilé.

"Wọ́n ní ìmọ́lẹ̀ ti wọ̀ ọ́. Ìgbà wo lo ṣí i?"

"Kí ẹ tó wá gbé e, Bọ̀ọ̀dá."

Kò lù ú. Ì bá tiẹ̀ sàn kó lù ú. "Màmá ṣì wà láyé lọ́jọ́ yẹn, Péjú. Wọ́n jókòó. Wọ́n ní kí n ya àwọn."

Ọdún gorí ọdún. Adépéjú bí ọmọ, ọmọ náà sì bi í bí ojú ìyá àgbà ṣe rí. Ó bẹ̀rẹ̀ sí ṣàpèjúwe rẹ̀ láti iwájú orí, ó dé ibi imú, kò rántí mọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí ẹ bá ṣe àṣìṣe, ẹ tètè sọ ọ́. Ẹnu tí Adépéjú pa mọ́ ba nǹkan jẹ́ ju kámẹ́rà tó ṣí lọ.