Fóòmù Tí Kò Gbẹ

Fóòmù tó tọ́ sí egbò ìyá mi kékeré ni wọ́n fún ẹlòmíràn, tí ẹsẹ̀ wọn fi rà, tí wọ́n fi gé e. Òótọ́ ni. Ojú mi ló ṣe. Ẹni tó bá rò pé mo ń purọ́, kó gbọ́ ọ tán ná.

Aránṣọ ni ìyá mi kékeré. Ẹsẹ̀ ọ̀tún ni wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ, ibẹ̀ náà ni egbò wà. Dókítà ní kí wọ́n lẹ fóòmù tí wọ́n po fàdákà mọ́ lé egbò náà, torí ó ń fa omi egbò, ó sì ń pa kòkòrò. Àṣà wọ́ọ̀dù ni pé wọn kì í tètè tú irú fóòmù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á fi í sílẹ̀ kó ṣiṣẹ́. Abẹ́ àṣà yìí ni ọ̀gá nọ́ọ̀sì, tí àwọn aláìsàn ń pè ní Ẹ-Dákẹ́, fi ìwà rẹ̀ pamọ́ sí. Ó mú fóòmù náà fún bàbá olówó kan tí orúnkún rẹ̀ kàn bó díẹ̀. Ó fi òwú lásán di ti ìyá mi kékeré, ó wé báńdéèjì lé e. Ta ni yóò tú u wò?

"Nọ́ọ̀sì, ó ń rùn," ni mo wí.

"Oògùn ló ń rùn bẹ́ẹ̀. Ẹ dákẹ́."

Ìyá mi kékeré rẹ́rìn-ín. "Fi wọ́n sílẹ̀, ọmọ mi. Àfi kí n tètè dé ilé ni, kí ẹ̀rọ mi má lọ fẹ́ ọkọ míì."

Ká ní ẹnì kan tú u wò ni.

Lẹ́yìn tí wọ́n gé ẹsẹ̀ náà, wọ́n tú báńdéèjì bàbá olówó. Ibùsùn rẹ̀ kọjú sí tiwa. Ọ̀sán gangan ni. Fáànù ń yí. Orúnkún bàbá ti jinná, ó ń dán. Ṣùgbọ́n fóòmù náà wúwo, ó ń kán tótó. Mo mọ òórùn yẹn. Àbàwọ́n kan wà láàárín rẹ̀, ó gùn, ó sì tẹ̀ ní ìdí bí ìwọ̀ ẹja. Bí egbò ìyá mi kékeré ṣe rí gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Ẹ-Dákẹ́ gé ọ̀rá fóòmù tuntun. Ó tutù. Àbàwọ́n kan náà. Ó gé òmíràn. Páálí tuntun dé. Bákan náà ni. Bí wọ́ọ̀dù bá pa lọ́lọ́, wàá gbọ́ ọ: ohun kan ń fa omi mu, díẹ̀díẹ̀, nínú kọ́bọ́ọ̀dù.

A ti padà sílé nígbà tí omi gbígbóná inú rédíétọ̀ ọkọ̀ bó awakọ̀ kan lẹ́sẹ̀. Egbò rẹ̀ ń yọ ọyún. Dókítà ní bí kò bá rí fóòmù lò, gígé ni.

Ẹ-Dákẹ́ wá bá wa nílé. Ó kúnlẹ̀ láàárín àjákù aṣọ.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Bóyá fóòmù á gbẹ."

"Ṣé torí kó lè gbẹ lo ṣe ń bẹ̀ mí, àbí torí ẹsẹ̀ mi?"

Kò fèsì.

"Ìwọ náà mọ̀ ọ́n dákẹ́," ni ìyá mi kékeré wí. "Mi ò tíì dárí jì ọ́. Ṣùgbọ́n awakọ̀ ò ṣẹ̀ mí."

Wọ́n fi ọ̀pá rìn dé wọ́ọ̀dù. Wọ́n ní kí Ẹ-Dákẹ́ sọ ohun tó ṣe, kó sọ ọ́ sókè, lójú gbogbo aláìsàn. Ó sọ ọ́. Ìyá mi kékeré wo egbò awakọ̀, wọ́n wò ó pẹ́. Wọ́n gbé ọwọ́ lé ọ̀rá kan.

"Gé e."

Ó gbẹ. Ó funfun báláú. Wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ẹsẹ̀ awakọ̀.

A ti dé ẹnu ọ̀nà nígbà tí Ẹ-Dákẹ́ gé òmíràn fún ẹlòmíràn. Mo gbọ́ tó ń kán sílẹ̀.

Ìyá mi kékeré dúró. Wọn ò bojú wẹ̀yìn. Inú mi bàjẹ́, torí mo mọ̀ pé ilé ń wù wọ́n.

"Lọ gbé àga tí mo fi ń ránṣọ wá láti ilé," ni wọ́n wí.

Ẹ̀gbẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n gbé àga náà sí. Wọ́n jókòó. Wọ́n nawọ́ gba ọ̀rá tó kàn.

"Egbò ta nìyí? Ẹ jẹ́ kí n rí i ná."