Àwọn Igi Kòkó Tí Afọlábí Kò Fojú Rí

Ó rẹ Afọlábí. Kì í ṣe àárẹ̀ kékeré o! Bí wọ́n bá di àárẹ̀ ọ̀hún sínú tírélà, gbogbo táyà rẹ̀ á bẹ́ kí ó tó kúrò ní Ore.

Iṣẹ́ ìwádìí ló ń ṣe. Wọ́n ní kí ó lọ ka kòkó tó ti jẹrà lára igi, láti oko dé oko, ní Ajue, Ago Alaye àti Odigbo, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá oògùn tuntun kan tí wọ́n ń fín sí kòkó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹrẹ̀ ọ̀nà Ajue lè gbé ọ̀kadà mì kí ó sì gùfẹ̀. Afọlábí kò dé oko kankan. Ó jókòó ti iyán ní Ore, ó ń ti orí ara rẹ̀ kọ iye sínú fóònù. Ọlọ́run fi ọ̀rọ̀ dá igi. Afọlábí fi fóònù dá tirẹ̀!

Ọlọ́runtóyìn, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó ń fi kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò ìwádìí náà, pè é.

"Afọlábí, igi tó wà lóko kan náà máa ń jọra. Ilẹ̀ kan, òjò kan, ọwọ́ kan náà ló ń tọ́jú wọn. Àmọ́ oko kan kì í rí bí èkejì. Ìdí nìyẹn tí ìṣirò mi fi ń ya ìyàtọ̀ oko sí oko sọ́tọ̀, ká tó mọ ohun tí oògùn ṣe gan-an. Àmọ́ àwọn oko tìrẹ kò yàtọ̀ síra rárá. Oko wo lo dé?"

"Sístà Aládùúrà! Ṣé omi àdúrà lo bù sínú kọ̀ǹpútà ni?"

Ọlọ́runtóyìn kò rẹ́rìn-ín. "Lọ́la ni wọ́n máa ní káwọn àgbẹ̀ ra oògùn yìí. Luqman tó ń dá oko olóko ní Ajue ti fẹ́ ta ọ̀kadà rẹ̀ nítorí ẹ̀."

"Jẹ́ kí n bu ìyàtọ̀ díẹ̀ sí oko kọ̀ọ̀kan. Ta ló máa mọ̀?"

"Ọlọ́run ńkọ́?"

 Ẹkún tí Afọlábí bú sí lè fọ gbogbo mọ́tò tó wà ní gáréèjì. "Tóyìn, ó rẹ̀ mí. Irọ́ yìí wúwo ju ìrìn tí mo sá fún lọ."

"Jésù kò ní kó o kọ́kọ́ tún ara rẹ ṣe. Bó ṣe rẹ̀ ọ́ yẹn ni kó o máa bọ̀."

Afọlábí kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga, ó ní, "Jésù, elékèé ni mí. Gbà mí." Nígbà tó dìde, ó pe ọ̀gá wọn: "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má tíì sọ nǹkan kan fáwọn àgbẹ̀. Mi ò dé oko. Irọ́ ni mo kọ."

Ọ̀gá bú u títí etí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbiná, ó sì gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Luqman kò ta ọ̀kadà. Ara Afọlábí kò tíì yá nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ ti rí ibi sinmi lé.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, o lè máà fi igi kòkó purọ́. Ṣùgbọ́n o mọ ohun tó o fi ẹ̀rín bò mọ́lẹ̀, títí ẹ̀rẹ̀kẹ́ fi ń ro ọ́. Kristi ti kú nítorí ohun náà, ó sì ń wò ọ́ níbi tó o jókòó sí. Má ṣe ní ó dìgbà tí ara bá yá. Jẹ́wọ́ fún un lónìí, pẹ̀lú ìwọ̀nba ohùn tó kù sí ọ lọ́fun.