Ẹ̀yìn Ẹ̀rọ Amúlétutù

Kì í ṣe àlọ́. Ẹni tó bá ní irọ́ ni, kó gba Ìsàlẹ̀ Òsì lọ nígbà ọyẹ́, kó béèrè ilé Sàlámì aláṣọ. Kó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ògiri yàrá ìyálé. Yóò bá a tó gbóná wọ́ọ́rọ́.

Ìyálé náà ni Morẹ́nikẹ́. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, kò pọn ọmọ rí, nǹkan oṣù rẹ̀ sì ti dáwọ́ dúró. Nígbà ìjọba ológun, lọ́dún tí ooru fẹ́ẹ̀ bó ènìyàn láwọ̀, Sàlámì gbé Sẹ̀gilọlá wọlé. Kò pẹ́ tí ìyàwó fi lóyún. Ooru ń dà á láàmú, Sàlámì sì ní òun yóò ra ẹ̀rọ amúlétutù fún un. Ta ló mú dání lọ yàn án? Morẹ́nikẹ́ ni.

"Ìwọ lo mọ ọjà ná," ló wí, tẹ̀ríntẹ̀rín. Ojú kì í ti irú wọn.

Òkè Padre ni wọ́n ti rí ẹ̀rọ náà, lọ́wọ́ ìyá àgbà kan tó ń jẹ́ Clara, tiṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó ń ta ẹrù rẹ̀ kó lè lọ bá ọmọ rẹ̀ lókè òkun. Gàníyù tó máa bá wọn dè é mọ́ ògiri tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ kùn.

"Ṣé òtútù rẹ̀ lágbára?" Sàlámì bi í.

"Bàbá, kò sí ẹ̀rọ tó ń ṣe òtútù. Ooru ló ń kó. Á kó o níwájú, á dà á sẹ́yìn."

Sàlámì jáde lọ pe alábàárù. Gàníyù wá na ìka sí bọ́tìnnì kékeré kan lábẹ́ ẹ̀rọ náà fún Morẹ́nikẹ́. "Ìyá, tọ́yẹ́ bá dé, ẹ yí eléyìí. Á máa kó o padà wọlé."

Clara rẹ́rìn-ín. "Ní tèmi, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń jókòó sí." Arúgbó kùjọ́kùjọ́ ni, síbẹ̀ eyín ẹnu rẹ̀ pé ṣáká.

Nígbà tí wọ́n délé, ògiri méjì ló wà fún ẹ̀rọ ní yàrá Sẹ̀gilọlá. Ọ̀kan kọjú sí ibi tí wọ́n ti ń ṣàlùwàlá ní mọ́ṣáláṣí. Sàlámì ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí òun máa fẹ́ ooru sí àwọn olùjọ́sìn. Ìkejì kọjú sí fèrèsé Morẹ́nikẹ́. Ibẹ̀ ni wọ́n kọ ẹ̀yìn ẹ̀rọ sí.

"Ooru kì í pa ìyálé," Sàlámì wí. Gbogbo agboolé bá a rẹ́rìn-ín.

Níbẹ̀rẹ̀, Morẹ́nikẹ́ ò lè gbé inú yàrá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá kíyè sí i. Ooru yìí kò jọ ooru oòrùn. Ó dà bí ooru ọmọ tó sùn sẹ́yìn ìyá rẹ̀. Ó ń rùn bí àdí àgbọn tí Sẹ̀gilọlá fi ń para. Làkúrègbé tó wà ní orúnkún Morẹ́nikẹ́ lọ. Nígbà tó yá, nǹkan oṣù rẹ̀ padà dé. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, iná lọ. Fáànù dúró káàkiri agboolé. Ẹ̀rọ dákẹ́. Morẹ́nikẹ́ dúró ní fèrèsé, kò mira. Etí gèlè rẹ̀ ń mì. Ooru náà ṣì ń bọ̀.

Sẹ̀gilọlá ló wọlé, tòun ti súwẹ́tà lọ́rùn.

"Ìyá mi, òtútù ń mú mi."

"Bọ́ sínú oòrùn."

"Inú oòrùn náà ni mo ti ń bọ̀." Eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ọmọ ò mira mọ́. Mo bẹ bàbá kí wọ́n yọ ẹ̀rọ yẹn, wọ́n ní kí n má sọ àwọn di ẹni yẹ̀yẹ́. Ẹ̀yin lẹ bá wọn yàn án. Ṣé kò sí bí wọ́n ṣe ń dá ooru yẹn padà ni?"

Morẹ́nikẹ́ rántí bọ́tìnnì. Ooru ń fẹ́ ẹ lẹ́yìn, ó ń fẹ́ ẹ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

"Kò sí," ló wí.

Àánú wá ṣe Sàlámì fúnra rẹ̀, bó tilẹ̀ pẹ́. Ó yọjú sí yàrá ìyálé. "Ṣé ooru yìí ò pọ̀ jù fún ọ? Kí n ní kí Gàníyù wá yọ ọ́."

"Ẹ fi sílẹ̀. Ó ti mọ́ mi lára."

Òótọ́ ló sọ. Ó ti mọ́ ọn lára.

Ní ọjọ́ tí wọ́n gbé Sẹ̀gilọlá lọ sọ́sibítù, ikùn rẹ̀ ti pẹlẹbẹ. Ẹ̀jẹ̀ kankan ò sì kán sílẹ̀. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò títí, ó ní òun ò rí oyún, òun ò sì rí àmì pé ọ̀kan wà níbẹ̀ rí. Sàlámì pe Sẹ̀gilọlá ní elékèé níwájú èrò. Àwọn obìnrin agboolé ní àkísà ló ń dì síkùn. Wọ́n sọ ọ́ létí rẹ̀.

Láàárín ọ̀sẹ̀ náà, nǹkan gbá Morẹ́nikẹ́ nínú. Ó jókòó sílẹ̀. Inú rẹ̀ dùn, ẹ̀rù sì bà á. Èyí tó pọ̀ jù nínú méjèèjì, òun náà kò mọ̀. Nígbà tí ikùn yọ, Sàlámì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó pa àgbò.

Sẹ̀gilọlá kò bá Morẹ́nikẹ́ jà. Lẹ́yìn ìrun Àlàásárì, ojoojúmọ́, á wọlé, á kúnlẹ̀ kí i, á jókòó lórí ẹní, á gbé ọwọ́ méjèèjì lé e níkùn. Ọwọ́ náà tutù bí omi ìsàlẹ̀ àmù. Ibi tó bá gbé e sí ni ọmọ ń sún lọ.

"Ẹ máa bá mi gbé e dáadáa, ìyá mi."

Morẹ́nikẹ́ fẹ́ sọ pé tòun ni. Ṣùgbọ́n Sẹ̀gilọlá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, ó gbé ẹnu sún mọ́ ìdodo rẹ̀, ó sì pe orúkọ kan tí ẹnikẹ́ni ò jẹ́ rí nínú agboolé náà.

Ọmọ náà dá a lóhùn láti inú.