Jíìpù Méjì àti Etí Kan

"Ẹ jókòó sínú rẹ̀ ná, Màdáámú," ni Desmond tó ń ta ọkọ̀ wí, ó sì ṣí ilẹ̀kùn jíìpù funfun náà gbayawu. "Awọ gidi ni wọ́n fi ṣe àga yẹn. Tẹ́ ẹ bá jókòó síbẹ̀, ẹ ò ní fẹ́ dìde mọ́."

Màdáámú Harriet jókòó lóòótọ́. Ó fọwọ́ pa àga náà, ó gbójú sókè wo fèrèsé kékeré tó wà lórí òrùlé ọkọ̀, ó rẹ́rìn-ín músẹ́. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń gba ẹrù jáde ní èbúté ló ti ń ṣiṣẹ́, ní Warehouse Road ní Àpápá. Ó ti pẹ́ tó ti ń tu owó jọ fún ọkọ̀ yìí. Ìyá rẹ̀ wà ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ẹsẹ̀ ìyá náà kan ti rọ, kò lè gun bọ́ọ̀sì mọ́. Harriet fẹ́ lọ gbé e wá sí Èkó, kó lè máa tọ́jú rẹ̀ fúnra rẹ̀.

Jíìpù kejì, aláwọ̀ ewé, wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ funfun náà. Ọdún 1998 ni, irú àwọn jíìpù kéékèèké olówó ńlá bẹ́ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ti èbúté wọlé ni, ilé-iṣẹ́ tó ṣe ọ̀kan àti èyí tó ṣe èkejì sì ń bára wọn díje gidigidi. Aláwọ̀ ewé ga nílẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń fi agbára yí, ẹni tó bá sì mọ bí ojú ọ̀nà Àpápá ṣe ń rí nígbà òjò á mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe ohun kékeré. Àmọ́ aṣọ lásán ló wà lórí àga rẹ̀. Funfun rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ìrìn rẹ̀ kò gbọn èèyàn, ó sì rọrùn fún arúgbó láti wọlé sínú rẹ̀.

"Ọkàn mi wà lára funfun yìí," ni Harriet sọ. "Ṣùgbọ́n ohun tí Ọ̀gá Kọ́lá bá wí ni màá ṣe."

Ọ̀gá Kọ́lá ni Kọ́láwọlé, mẹkáníìkì tó ní ṣọ́ọ̀bù ní Boundary, ní Ajégúnlẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra tòkunbọ̀ ní Coconut, ọjà ọkọ̀ tí wọ́n wà yìí, tí kò sì fẹ́ sunkún, òun ni yóò kọ́kọ́ pè. Yóò ki ẹnu sukudiráfà gígùn kan mọ́ ara ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò sì gbọ́ àìsàn tó wà níbẹ̀ bí ẹní gbọ́ ohùn aládùúgbò rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ ló rí tẹ́lẹ̀. Láti ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, etí Kọ́láwọlé ti kú. Ẹnu àwọn èèyàn ló ń wò tó fi ń mọ ohun tí wọ́n ń sọ, àwọn oníbàárà sì rò pé ìwà ọmọlúwàbí ló jẹ́ kó máa wo àwọn lójú bẹ́ẹ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, Tinú, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó fẹ́ jáde ilé-ìwé girama, ló ń gbọ́ ẹ́ńjìnnì fún un. "Mò ń kọ́ ọ níṣẹ́ ni," ni Kọ́láwọlé máa ń sọ fáwọn èèyàn. Bí ẹ́ńjìnnì bá dára, Tinú á fọwọ́ kàn án lápá lẹ́ẹ̀kan. Bí kò bá dára, á fọwọ́ kàn án lẹ́ẹ̀mejì.

Òfin kan péré ni bàbá náà fún un. Wọn kì í dájọ́ ẹ́ńjìnnì tútù. Àwọn tó ń ta ọkọ̀ máa ń da ọ́ìlì tó ki sínú ẹ́ńjìnnì tó ti ń nọ́ọ̀kì, ìyẹn tí irin inú rẹ̀ ti ń kan ara wọn, ariwo rẹ̀ á sì pa mọ́ títí ọ́ìlì náà yóò fi gbóná tí yóò sì ṣàn. Nítorí náà, fáànù tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí rédíétọ̀, tí kì í yí àfi tí ẹ́ńjìnnì bá gbóná, gbọ́dọ̀ yí, kó dúró, kó tún yí lẹ́ẹ̀kejì, kí Tinú tó fọwọ́ kan bàbá rẹ̀.

Nígbà tí Kọ́láwọlé àti Tinú dé, aláwọ̀ ewé ni wọ́n kọ́kọ́ tàn. Tinú ní sùúrù fún un, fáànù yí lẹ́ẹ̀mejì, ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní. Ó fọwọ́ kan bàbá rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Nígbà tí wọ́n tan funfun, Omoefe dé. Ọmọ kíláàsì Tinú ni, òun àtàwọn ọmọbìnrin méjì mìíràn ló sì jọ dúró lẹ́nu géètì ọjà náà nínú aṣọ ilé-ìwé tí wọ́n ti lọ̀ dáadáa. Ọjọ́ náà ni gbogbo kíláàsì fẹ́ ya fọ́tò ìkẹyìn lọ́dọ̀ ayàwòrán kan ní Boundary, aago mẹ́ta sì ti fẹ́ lù.

"Tinú, wetin engine dey tell you?" ni Omoefe bi í. "Abí ó ń kọrin fún ẹ ni?"

Àwọn méjì tó kù bú sẹ́rìn-ín. Ojú ti Tinú débi pé ó fẹ́ kí ilẹ̀ lanu gbé òun mì. Ó yọ sukudiráfà kúrò létí. Ẹ́ńjìnnì náà ń dún wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́, kò sí ohun tó ń ṣe é létí tirẹ̀. Fáànù kò tíì yí rárá.

Bàbá rẹ̀, tó gbé ọwọ́ lé ẹ́ńjìnnì náà ní òdìkejì níbi tí kò ti lè rí fáànù, gbójú sókè. Ó na ìka méjì sí i, èyí tó túmọ̀ sí pé, ṣé ó ti yí lẹ́ẹ̀mejì?

Tinú mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó rìn yí ká lọ bá a, ó fọwọ́ kàn án lápá lẹ́ẹ̀kan.

Kọ́láwọlé wò ó fúngbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí Harriet. "Méjèèjì ló dára, Màdáámú. Ẹ mú èyí tí ọkàn yín fẹ́."

Fọ́tò náà dára gan-an. Tinú ló rẹ́rìn-ín jù níbẹ̀.

Kò ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ tí wọ́n fi wọ́ jíìpù funfun náà dé ẹnu ṣọ́ọ̀bù Kọ́láwọlé. Harriet ló tẹ̀ lé e. Ìtòsí Ṣágámù ni ẹ́ńjìnnì náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dún kọ̀-kọ̀-kọ̀, ó sì fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú òjò, pẹ̀lú ìyá arúgbó lórí àga aláwọ tó dára yẹn. Èèyàn mẹ́rin ló gbé ìyá náà sọ́dá títì. Desmond ní níṣojú ẹni tó mọ ọkọ̀ ni wọ́n ti rà á, òun ò gbà á padà.

"Ọ̀gá Kọ́lá, ẹ ní ó dára," ni Harriet ń sọ, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. "Ẹ̀yin ni mo gbà gbọ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?"

Àwọn èèyàn ti pé jọ. Tinú wà láàárín wọn. Bàbá rẹ̀ wò ó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ó sì gbé ojú kúrò.

"Etí mi ló kú, Màdáámú," ni Kọ́láwọlé wí. "Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Mi ò gbọ́ nǹkan kan. Mo fi pa mọ́ fún gbogbo yín. Ẹ̀bi mi ni, ẹ forí jì mí."

Láti ọjọ́ náà, kò sẹ́ni tó tún pè é. Ta ni yóò pe mẹkáníìkì adití wá gbọ́ ẹ́ńjìnnì? Àwọn ọmọdé Boundary ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní ó ti ń rẹ́ àwọn èèyàn jẹ láti ọjọ́ yìí. Ó ti ṣọ́ọ̀bù pa. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí Tinú ń bọ̀ láti ibi ìdánwò, ó rí bàbá rẹ̀ ní Coconut pẹ̀lú garawa omi, ó ń fọ ẹsẹ̀ tírélà. Tinú sunkún títí ó fi dé Warehouse Road.

Ó kúnlẹ̀ nínú ọ́fíìsì Harriet, ó sì ka gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, fọ́tò àti fáànù àti irọ́. Harriet kò bínú. Ó kàn dà bí ẹni tó ti rẹ̀.

"Mo ti mọ̀," ló wí. "Bàbá ẹ wá bá mi nílé ní ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ náà padà dé, ó sọ fún mi, ó bẹ̀ mí pé n ò gbọdọ̀ dá ọ lẹ́bi."

"Ta ló sọ fún wọn, mà?"

"Ọwọ́ ara ẹ̀ ló sọ fún un. Ó ní ọwọ́ òun wà lórí ẹ́ńjìnnì yẹn lọ́jọ́ tá a rà á, òun sì mọ̀ ọ́n lára pé nǹkan kan ń kàn díẹ̀díẹ̀ nísàlẹ̀. Mo bi í pé kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Ó ní ìwọ ti sọ pé ó dára. Ó ní o ò parọ́ fún òun rí."

Nígbà tí Tinú délé, bàbá rẹ̀ jókòó níta láàárín àwọn ayálégbé. Ó kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀.

"Mo parọ́ fún yín, Bàámi."

Ẹkún ti da ẹnu rẹ̀ rú, bàbá rẹ̀ kò lè kà á. "N ò gbọ́," ni Kọ́láwọlé wí jẹ́jẹ́. "Tún un sọ."

Ó tún un sọ. Bàbá rẹ̀ mi orí pé òun kò gbọ́. Ìgbà kẹta ni Tinú fi gbogbo agbára rẹ̀ kígbe, tí gbogbo ará ilé fi yíjú: "Mo parọ́ fún yín! Fáànù ò yí! Èmi ni mo ba orúkọ yín jẹ́!"

"Mo gbọ́," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó gbé e dìde, ó nu ojú rẹ̀, ó sì ní kó lọ jẹun.

Tinú yege ìdánwò rẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù Boundary kò ṣí mọ́. Ohun tó kọ́ níbẹ̀, ó ń sọ ọ́ fún àwọn àbúrò rẹ̀ títí dòní: bí èèyàn kan bá gbà ọ́ gbọ́ débi pé ó fi ohun tí ara òun fúnra rẹ̀ ń sọ sílẹ̀ nítorí tìrẹ, má ṣe parọ́ fún un nítorí pé àwọn ẹgbẹ́ rẹ ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu géètì. Ẹ̀rín náà kò ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ. Kọ́láwọlé dárí jì í tọkàntọkàn, ó sì fẹ́ràn rẹ̀ dọ́jọ́ ikú, ṣùgbọ́n kò bi í mọ́ láé pé kí ló gbọ́.