Ìlẹ̀kùn Tí Ìlara Kàn

Ìwọ tí ìwé yìí bọ́ sí lọ́wọ́, má tíì sọ pé ọ̀rọ̀ ọ̀mùtí ni tàbí ọ̀rọ̀ olè, kí o wá jù ú sílẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ kì í mutí, kò sì jalè rí. Kì í pa ìsìn jẹ lọ́jọ́ Ìsinmi. Síbẹ̀ ọ̀nà ọ̀run àpáàdì ló ń tọ̀, tòun ti Bíbélì lábíyá.

Káfíńtà ni. Ọ̀gá Pátápátá ni gbogbo àdúgbò ń pè é, orúkọ náà sì máa ń dùn mọ́ ọn. Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá rẹ̀, tó fi ọdún mẹ́jọ kọ́ níṣẹ́. Òun ló kọ́ ọ bí a ti ń di ayùn mú. Òun náà ló kọ́ ọ pé a kì í fi pákó tútù kan ìlẹ̀kùn: abẹ́ àtíbàbà ni a ó tò ó sí, a ó fi igi tín-ín-rín sáàárín wọn kí afẹ́fẹ́ lè kọjá, a ó sì jẹ́ kó gbẹ fún odidi ọdún kan.

Àbúrò gbọ́ ẹ̀kọ́. Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Bí oníbàárà bá wọ ṣọ́ọ̀bù, á kí Ọ̀gá dáadáa, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọ̀gá wa!" Lẹ́yìn náà ló máa wá na ọrùn wo ẹ̀yìn rẹ̀: "Àbúrò yín ńkọ́?" Yéè! Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń ta Ọ̀gá lára tó ìyẹn. Á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n á máa sọ nínú ara rẹ̀ pé: Èmi tí mo kọ́ ọ! Èmi tí mo nu ikun nímú rẹ̀! Bí wọ́n bá yin àga tí àbúrò kàn, á ní ẹsẹ̀ rẹ̀ ti tín-ín-rín jù. Ẹ kúkú mọ̀ pé ọ̀tá ẹni kì í pa òdù ọ̀yà.

Oúnjẹ kò wá lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ìyàwó rẹ̀ bi í pé, "Baálé mi, kí ló ń ṣe yín gan-an?"

"Kò sí nǹkan. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, ṣé ó lè ní àkísà bí àgbà ni?"

"Ta ló wá ń bá yín du àkísà?"

Ó ti àwo oúnjẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó sì jáde lọ.

Lọ́jọ́ kan, ìyá agbẹ̀bí wọlé. Ó ń fẹ́ ìlẹ̀kùn fún yàrá ìrọbí. Bó bá tẹ́ òun lọ́rùn, ó ní ẹni tó bá ṣe é náà ni yóò ṣe gbogbo ìlẹ̀kùn àti ibùsùn ilé ìgbẹ̀bí tuntun. Ọ̀gá ti ń fa okùn ìwọ̀n rẹ̀ jáde. Ìyá agbẹ̀bí ní, "Ẹ má bínú o, Ọ̀gá. Àbúrò yín ni mo fẹ́ kó ṣe é."

Nígbà tí àbúrò lọ wọn ẹnu ọ̀nà náà, Ọ̀gá wọ abẹ́ àtíbàbà. Ó kó pákó gbígbẹ tí àbúrò ti yà sọ́tọ̀ kúrò. Ó fi ti igi tí wọ́n gé lọ́sẹ̀ mẹ́ta sẹ́yìn rọ́pò rẹ̀, ó sì fá a dán. Pákó tútù lè dára lójú lónìí, ṣùgbọ́n bí òjò bá dé, á wú, á sì lọ́. Nígbà yẹn ni wọ́n máa mọ ẹni tó jẹ́ ọ̀gá. Ohun tó ń rò nìyẹn.

Àbúrò dé, ó gbé pákó náà. "Ẹ̀gbọ́n, ó jọ pé eléyìí wúwo díẹ̀."

"Mo ti yẹ̀ ẹ́ wò fúnra mi. Àbí o ti wá mọ igi jù mí lọ ni?"

"Ó tì o, ẹ̀gbọ́n." Ó gbà á gbọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́.

Òjò dé. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọmọbìnrin àgbà Ọ̀gá ń rọbí nínú yàrá náà. Ìyá agbẹ̀bí jáde lọ bu omi gbígbóná, atẹ́gùn sì gbá ìlẹ̀kùn pa. Ó padà dé, ó tì í títí, ìlẹ̀kùn kò mira. Irin sì wà lójú fèrèsé. Wọ́n ránṣẹ́ pe àwọn káfíńtà méjèèjì, wọ́n sì sáré dé.

"Bàbá mi o! Ọmọ ti ń bọ̀ o! Ẹ gbà mí!"

Ọ̀gá fi èjìká lu ìlẹ̀kùn títí ẹ̀jẹ̀ fi jáde. Ó gba àáké, ó ń gé e, ó ń ké bí ọmọdé. Nígbà tí ìlẹ̀kùn fi là, díẹ̀ ló kù kí ọmọ náà kú. Ìwọ́ ti yí mọ́ ọmọ náà lọ́rùn. Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, agbẹ̀bí tú u, ọmọ náà sì ké.

Àbúrò ṣa àfọ́kù pákó kan nílẹ̀. Inú pákó náà ṣì tutù. Ó wo ojú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sì mọ̀.

Ìyá agbẹ̀bí jáde tìbínú-tìbínú. "Ta ló kan ìlẹ̀kùn yìí?"

"Èmi ni, mà," àbúrò dáhùn. "Ọwọ́ mi ló ṣe é. Ẹ dárí jì mí."

"Má tún tẹ ibí yìí mọ́ láé! Ọ̀gá, ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ wá gba iṣẹ́ náà."

Ohun tí Ọ̀gá ti ń fẹ́ láti ọdún yìí wá, ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Ó korò lẹ́nu rẹ̀ bí orógbó.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, Ọ̀gá kò lè jókòó. "Kí ló dé tí o kò sọ ọ́?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni yín. Inú bí mi o, mi ò ní purọ́. Ṣùgbọ́n mo rántí pé káfíńtà ló tọ́ Jésù. Jésù ń dàgbà lọ́wọ́ àwọn òbí rẹ̀, ọgbọ́n rẹ̀ ń pọ̀ sí i, Ọlọ́run fẹ́ràn rẹ̀, ènìyàn náà fẹ́ràn rẹ̀. Ọmọ ọdún méjìlá ni nígbà tó jókòó láàárín àwọn olùkọ́ nínú tẹ́ḿpìlì, tí ẹnu ń ya àwọn àgbàlagbà. Síbẹ̀ ó bá àwọn òbí rẹ̀ padà sílé, ó ń gbọ́ràn sí wọn lẹ́nu. Mo tún máa ń ro ti Jósẹ́fù, káfíńtà náà. Ó mọ̀ pé ọmọ tí òun ń tọ́ ju òun lọ fíìfíì. Ẹ̀gbọ́n, kò fi pákó tútù sí i lọ́wọ́."

Ọ̀gá dorí kodò.

"Nígbà tí Jésù dàgbà, àwọn tó ń ṣe ìlara rẹ̀ ló fà á lé àwọn apànìyàn lọ́wọ́. Ó sì gbà láti kú fún àwọn onílara."

"Fún èmi náà?"

"Fún ẹ̀yin gan-an."

Ọ̀gá wólẹ̀ sínú ìyẹ̀fun igi. "Jésù, nítorí ẹ̀bùn tí o fún ọmọ ìyá mi ni mo ṣe ń bá ọ jà. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọmọ mi. Gbà mí." Ó sunkún títí, Olúwa sì gbà á.

Ìrònúpìwàdà tòótọ́ máa ń rìn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ sí ilé ìgbẹ̀bí, ó dúró níwájú gbogbo àwọn tó jókòó sórí bẹ́ǹṣì. "Èmi ni mo pààrọ̀ pákó náà. Àbúrò mi kò mọ̀." Ó ṣí fìlà lórí. "Ó sì mọ iṣẹ́ jù mí lọ." Wọ́n dá iṣẹ́ padà fún àbúrò. Ọmọbìnrin rẹ̀ gbọ́ gbogbo rẹ̀ láti orí ibùsùn, ó sì di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kó tó gbà kí bàbá rẹ̀ gbé ọmọ náà. Ọ̀gá fara mọ́ ọn.

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́ mi? Ta ló ń dàgbà níwájú rẹ tí kò jẹ́ kí o lè sùn? Má sọ pé ìlara kò tó ẹ̀ṣẹ̀. Òun ló fa Ọmọ Ọlọ́run lọ síbi àgbélébùú, ó sì lè fa ìwọ náà lọ sí ìparun. Jésù tí wọ́n pa ti jíǹde, ó ń dúró dè ọ́.

Bí o ti ń ka ìwé yìí, orúkọ ẹnìkan ti wá sí ọ lọ́kàn. Mi ò mọ̀ ọ́n, ìwọ mọ̀ ọ́n. Kúnlẹ̀ níbi tí o wà nísinsìnyí, kí o sì dárúkọ ẹni yẹn fún Jésù, kó gbà ọ́ lọ́wọ́ ìlara.