Orúkọ Ara Wáyà

Òjò ń rọ̀ nínú fíìmù náà, ṣùgbọ́n kò rọ̀ dé igun kan nínú pálọ̀ Nùrúdíìnì. Ó ń rọ̀ lápá ọ̀tún, ó ń rọ̀ láàárín, ó ń rọ̀ lẹ́yìn àga. Igun òsì níwájú nìkan ló gbẹ táútáú. Nùrúdíìnì dìde, ó fọwọ́ kan sípíkà tó wà níbẹ̀. Àwọn mẹ́rin yòókù lọ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ara ènìyàn. Èyí tutù bí àmù.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kírun Alaasari tán. Kó tó jókòó padà, fóònù dún láti Ògbómọ̀ṣọ́. Ìyá rẹ̀ ti kú. Ó ń bó ẹ̀gúsí lọ́wọ́ ni, orí rẹ̀ kàn tẹ̀ sórí ọpọ́n.

Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Paulin ló fa gbogbo rẹ̀. Paulin ni aládùúgbò wọn ní Songon, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àtìpó, ọmọ Pọ́tọ̀nóvò tí bàbá bàbá rẹ̀ ṣe akọ̀wé fún àwọn Faransé. Láti ìgbà náà ni imú ìdílé wọn kò ti sọ̀kalẹ̀ mọ́. Ó ra sípíkà olówó gọbọi yí pálọ̀ rẹ̀ ká, bó bá sì ti tan fíìmù, ẹṣin á máa sáré nínú ògiri Nùrúdíìnì.

"Voisin, aládùúgbò mi," ni Paulin máa ń wí, "ṣé o gbọ́ bàlúù mi lánàá? Àbí rédíò lẹ ṣì ń gbọ́ lọ́hùn-ún?"

Nùrúdíìnì ń ta abọ́ oníke ní ọjà Treichville. Bó bá pàdé Ṣàìtánì gan-an, yóò gba ẹ̀dínwó lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gba Adjamé lọ sọ́dọ̀ Màmúdù, ọmọ Jùlá tó ń ta ẹ̀rọ àlòkù tó ti èbúté wọlé, tó sì ń sọ Yorùbá bí ẹni ń jẹ ẹja eléegun. Màmúdù fi oríṣi méjì hàn án. Ti àkọ́kọ́, wáyà kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ tirẹ̀ àti nọ́ńbà tirẹ̀. Ti èkejì kò tó ìdajì owó rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ohùn rẹ̀ ju owó rẹ̀ lọ," ni Màmúdù wí. "Àléébù rẹ̀ kan ni pé wáyà márààrún dúdú, kò sí àmì. Lẹ bébà mọ́ wọn, kí o kọ nǹkan sí i. Lọ́jọ́ tí ọ̀kan bá ń kú lọ, fi wáyà rẹ̀ pààrọ̀ ihò pẹ̀lú èyí tó yè. Bí ìdákẹ́jẹ́ bá bá wáyà lọ, wáyà ló bàjẹ́. Bó bá dúró sójú kan, ihò ẹ̀rọ ni."

Nùrúdíìnì san owó èkejì, ó gbé e relé. Wáyà márùn-ún. Nùrúdíìnì ro ohun tí òun lè kọ tí òun kò ní gbàgbé, ó sì rò pé òun gbọ́n. Ó kọ Ìyá. Ó kọ orúkọ ara rẹ̀. Ó kọ Mùsílímátù, ìyàwó rẹ̀, ó kọ Mounira àti Khaleelah, àwọn ọmọbìnrin rẹ̀.

Mùsílímátù káwọ́ lérí. "A kì í ka ọmọ fún ọlọ́mọ. Ìwọ kà wá tán, o tún so wá mọ́ iná. Ìyá tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní Ògbómọ̀ṣọ́, kí ló ń ṣe lára ògiri Songon?"

"Ẹ̀yin obìnrin! Bébà lásán ni."

Lẹ́yìn àdúrà ọjọ́ kẹjọ Ìyá, Màmúdù gbé sípíkà mìíràn wá fún igun tó dákẹ́. Kò dún. Ó fa wáyà, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i, kò dún. Ìgbà náà ló rí bébà.

"Ta ni Ìyá?"

"Ìyá tó bí mi ni."

"Ara wọn ńkọ́?"

"A ti sin wọ́n."

Màmúdù fi èékánná ṣí bébà náà díẹ̀díẹ̀. Lójú ẹsẹ̀, ohùn kún igun náà, bí ẹni pé ẹnì kan kò jẹ́ Ìyá rí láyé. Màmúdù kó irinṣẹ́ rẹ̀, kò bèèrè owó iṣẹ́. Kí Màmúdù gbàgbé owó, ìyẹn gan-an tó láti kó jìnnìjìnnì bá ènìyàn.

Oṣù kan kò tíì pé tí sípíkà Khaleelah fi bẹ̀rẹ̀ sí í ha. Lọ́jọ́ kan náà, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni. Oògùn ilé ìwòsàn wọlé, ikọ́ kò jáde. Bí ohùn sípíkà ṣe ń tín-ín-rín ni èémí ọmọ ń tín-ín-rín. Nùrúdíìnì gbìyànjú láti ṣí bébà rẹ̀ bíi ti Màmúdù. Bí etí bébà ṣe gbéra, ọmọ figbe ta nínú yàrá:

"Bàbá, awọ ara mi!"

Ó fi itọ́ lẹ̀ ẹ́ padà.

Nígbà tó di òwúrọ̀ Jímọ̀, ohun tó kù nínú sípíkà náà kò ju ohùn ẹ̀fọn lọ. Ètè Khaleelah ti funfun. Nùrúdíìnì kúnlẹ̀ sẹ́yìn ẹ̀rọ. Ó fa wáyà ọmọ rẹ̀ yọ, ó fa tirẹ̀ yọ, ó sì pààrọ̀ wọn kí èémí kan tó tán. Ìdákẹ́jẹ́ kò bá wáyà lọ. Ihò kan náà ló dúró sí, ihò tí wáyà Nùrúdíìnì wà báyìí. Igun Khaleelah bú jáde gbàù, ọmọ sì ń ké láti yàrá pé òun fẹ́ jẹ attiéké àti ẹja díndín. Nùrúdíìnì fẹ́ dáhùn. Ó dà bí ẹni pé wọ́n ti òwú bọ̀ ọ́ lọ́fun.

Paulin wá kí i. "Voisin, ṣé o ti gbé ohùn fún sípíkà tán ni?" Ó rẹ́rìn-ín, òun nìkan.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Nùrúdíìnì jí lójú oorun, ó rí Mùsílímátù lórí eékún lẹ́yìn ẹ̀rọ, wáyà méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ti ọkọ rẹ̀ àti tirẹ̀. Ó fẹ́ kígbe, kò rí igbe ké. Ó ń fi àtẹ́lẹwọ́ lu ilẹ̀.

Obìnrin náà kò wẹ̀yìn. "Jókòó," ló wí jẹ́jẹ́. "Ìwọ nìkan kọ́ lo bí i."

Ó ti wáyà bọ ihò.

Ohun tó dí ọ̀fun Nùrúdíìnì yọ kúrò lẹ́ẹ̀kan náà. "Mùsílímátù!" Ohùn rẹ̀ já gaara, ó kún pálọ̀. Ó tún un pè. Obìnrin náà yíjú sí i, ó la ẹnu láti jẹ́ ẹ, ètè rẹ̀ ń mì, ó ń mì, kò sí nǹkan kan tó jáde.